Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù nípa gbígbé ẹ́ńjìnnì paramotor àti bí a ṣe ń mú un láì fara pa

Ìbéèrè kan náà ló ń padà wá ṣáá, mo wá kó wọn jọ síbí. Èyí tó rọrùn ló ṣáájú, èyí tó le wà nísàlẹ̀. Ẹ lè fo èyí tẹ́ ẹ bá ti mọ̀, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ti propeller.

Kí ni wọ́n ń pè ní paramotor gan-an, báwo ló sì ṣe wúwo tó?

Ẹ́ńjìnnì kékeré ni, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ two-stroke, wọ́n dè é mọ́ fíríìmù téèyàn á gbé kọ́ ẹ̀yìn bí ìgbà téèyàn gbé báàgì. Propeller (abẹ́ tó ń yí bíi ti fáànù) wà lẹ́yìn ẹ̀ tó ń ti èèyàn síwájú, wing tó jẹ́ aṣọ ló ń gbé èèyàn ró lókè. Ẹsẹ̀ ara ẹni la fi ń sáré gbéra, òun náà la fi ń balẹ̀.

Láì tíì bu epo sí i, ọ̀pọ̀ wọn wà láàárín kílò 20 sí 35. Lítà pẹtiróòlù kan sún mọ́ kílò 0.75, torí náà tẹ́ ẹ bá bu lítà 10 sí i, bíi kílò 7 àbọ̀ lẹ ti fi kún ẹrù yẹn. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ń jẹ lítà 3 sí 5 ní wákàtí kan, ẹni tó fẹ́ fò fún ogójì ìṣẹ́jú ò nílò kó kún táǹkì dẹ́nu, kó bu èyí tó máa tó o àti èyí tó máa ṣẹ́kù dè é, orúnkún ẹ̀ á dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Ibo ló yẹ kí n dì mú tí mo bá fẹ́ gbé e?

Fíríìmù àárín tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé, tàbí ibi tí àwọn tó ṣe é dìídì ṣe fún ọwọ́. Ẹ má fi irin róbótó tó yí propeller ká gbé e o, irin yẹn fúyẹ́, ó máa ń tẹ̀, tó bá sì ti tẹ̀ díẹ̀ báyìí propeller lè máa gbá a. Ẹ má fi àwọ̀n tó wà láàárín ẹ̀yìn yín àti propeller gbé e, ẹ má fi propeller gbé e láéláé, ẹ má sì fọwọ́ kan sàlẹ́ńsà tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pa á, á jó yín dé ẹran.

Tó bá jẹ́ ẹni méjì ló fẹ́ gbé e, kí ẹnì kan wà lọ́tùn-ún kí ẹnì kan wà lósì, kẹ́ ẹ jọ sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó gbé e, kẹ́ ẹ tún sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹni tó bá já a sílẹ̀ lójijì ló ń jẹ́ kí èkejì fi ẹ̀yìn gbà á.

Báwo ni mo ṣe máa gbé e kọ́ ẹ̀yìn tí ìbàdí ò ní máa ro mí?

Èyí tó dáa jù ni kẹ́ ẹ gbé e lé nǹkan tó ga tó ìdí, tó dúró dáadáa, kẹ́ ẹ wá kọ ẹ̀yìn sí i, kẹ́ ẹ ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ de gbogbo ìdè ẹ̀, kẹ́ ẹ dìde. Ẹ ò tẹ̀ ba rárá nìyẹn.

Tó bá jẹ́ ilẹ̀ ló wà, ẹ jókòó síwájú ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ de ti itan méjèèjì kẹ́ ẹ tó de ti àyà, ẹ wá tẹ̀ síwájú dé orí ọwọ́ àti orúnkún, ẹ gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, ẹ fi ọwọ́ ti itan yẹn, ẹ dìde. Ohun tí mi ò fẹ́ rí ni kéèyàn tẹ̀ ba, kó fi apá kan gbé e, kó wá yí i fìì sí èjìká bíi báàgì ọmọ ilé ìwé, torí yíyí ara pẹ̀lú ẹrù kílò 30 yẹn gan-an ló ń ba ẹ̀yìn jẹ́.

Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ de ti itan ni pé àwọn èèyàn ti gbàgbé ẹ̀ rí, wọ́n gbéra tán wọ́n wá ń fi abíyá rọ̀ sókè, wọn ò lè jókòó, apá ò sì ká bíréèkì (okùn tí wọ́n fi ń darí wing) mọ́.

Ṣebí àwọ̀n wà níbẹ̀, kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń pariwo propeller tó báyẹn?

Torí àwọ̀n yẹn, wọ́n ṣe é kí okùn wing má baà wọ inú propeller ni, kò lè dá ọwọ́ èèyàn tó fi agbára tì í dúró. Ẹ lọ gbìyànjú ẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti kú tó ti tutù: ẹ na àtẹ́lẹwọ́ sí àwọ̀n yẹn kẹ́ ẹ tì í díẹ̀. Ẹ máa rí i pé ó ń fà wọnú, ní ọ̀pọ̀ ẹ̀ náà àwọn ìka ń yọ sí òdìkejì, propeller ò sì jìnnà síbẹ̀ rárá.

Ẹ wá jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Propeller tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 130, tó ń yí ìgbà 2,500 ní ìṣẹ́jú kan, etí ẹ̀ ń sáré bíi mítà 170 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tó bá jẹ́ abẹ́ méjì ló ní, abẹ́ ń kọjá lójú kan náà ju ìgbà 80 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá yẹn. Kò sẹ́ni tó lè yára fa ọwọ́ padà.

Bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ nìyí, mo fẹ́ kẹ́ ẹ kà á dáadáa. Ẹnì kan gbé ẹ́ńjìnnì sílẹ̀, ó dúró níwájú ẹ̀ níbi tí ìjókòó wà, ó tan án, kò mọ̀ pé throttle (ohun tí a ń fi ọwọ́ tẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì lè sáré) ti há síbi tó ga. Ẹ́ńjìnnì gba iná, ó fò mọ́ ọn pẹ̀lú agbára tó lè ju kílò 60 lọ, òun náà sì na ọwọ́ láti tì í padà torí ohun tí ara ń ṣe fúnra ẹ̀ nìyẹn. Ọwọ́ yẹn ló ń wọ inú àwọ̀n. Kì í ṣe pé ẹni yẹn ò gbọ́n, ara ló gbọ́n jù ú lọ lásìkò yẹn, ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká ti pinnu ohun tí ọwọ́ máa ṣe kó tó di pé a tan án.

Ṣé kí n tan án nílẹ̀ ni àbí kó wà lẹ́yìn mi?

Tó bá jẹ́ bọ́tìnnì lẹ fi ń tan án, ẹ gbé e kọ́ ẹ̀yìn kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Tó bá wà lẹ́yìn yín tó wá gba iná lójijì, ó máa tì yín síwájú, ẹ lè ṣubú, àmọ́ ọwọ́ yín ò sí níbi tí propeller wà. Ẹ má kàn na ọwọ́ sẹ́yìn láti wá nǹkankan nígbà tó ń ṣiṣẹ́ o.

Èyí tó jẹ́ okùn lẹ máa fà, táwọn kan ò lè dá fà á tó bá wà lẹ́yìn wọn, tó bá di dandan kó wà nílẹ̀, ẹ tì í mọ́ nǹkan tí kò lè yẹ̀, ẹ na apá kan gbọnrangandan mọ́ fíríìmù tó lágbára lókè (mo ní fíríìmù, kì í ṣe irin róbótó yẹn), ẹ fi orúnkún gbè é, kí throttle wà lọ́wọ́ yín pẹ̀lú àtàǹpàkò lórí bọ́tìnnì tó ń pa á. Tí ẹlòmíì tó mọ̀ ọ́n bá wà níbẹ̀, kó bá yín di fíríìmù mú láti ẹ̀gbẹ́ iwájú, kó má ṣe wà lẹ́yìn.

Kí ni kí n yẹ̀ wò kí n tó tan án?

Throttle ló ṣáájú gbogbo ẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ kẹ́ ẹ fi sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi ojú ara yín rí i lára kábúrétọ̀ pé ó padà délẹ̀ pátápátá. Ẹ má gbára lé bó ṣe rí lọ́wọ́ nìkan.

Èmi fúnra mi, mo ti tan ẹ́ńjìnnì kan rí tí wáyà throttle há sábẹ́ ìjókòó nígbà tí mò ń kó o jáde nínú ọkọ̀, ìjókòó ti tẹ wáyà yẹn, wáyà náà sì ti fa kábúrétọ̀ ṣí kí n tó fọwọ́ kan nǹkankan. Ẹ̀yìn mi ló wà, ó gbé mi sáré bí ìṣísẹ̀ mẹ́fà kí n tó tẹ bọ́tìnnì. Tó bá jẹ́ ilẹ̀ ni mo gbé e sí, mi ò mọ̀ bóyá ìka mi á ṣì pé mẹ́wàá. Láti ọjọ́ yẹn, mo máa ń fi ọwọ́ tọ wáyà yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lójoojúmọ́ kí n tó tan án, kì í gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo propeller bóyá ó ti sán tàbí ó ti ṣẹ́ létí, ẹ wo bóòtù tó dè é mọ́ ẹ́ńjìnnì, ẹ wo sàlẹ́ńsà bóyá sípíríǹgì ẹ̀ ṣì pé, ẹ wo bóyá pẹtiróòlù ń jò. Okùn hẹ́límẹ́ẹ̀tì, wáyà kámẹ́rà, ìrun gígùn, ìborùn, gbogbo nǹkan tó lè fò sẹ́yìn, ẹ dì í wọlé. Propeller ń fa afẹ́fẹ́ láti iwájú, á fa ohun tó bá wà nínú afẹ́fẹ́ náà pẹ̀lú.

Ẹ́ńjìnnì mi ní clutch (ohun tó ń so ẹ́ńjìnnì pọ̀ mọ́ propeller tó bá ti sáré), propeller kì í yí tó bá wà ní ìsàlẹ̀, ìyẹn tó bá kàn ń ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́ láì tẹ throttle, ṣé ọkàn mi lè balẹ̀?

Ó dáa pé ó ní i, àmọ́ clutch ò mọ̀ bóyá ẹ̀yin lẹ tẹ throttle àbí ó há fúnra ẹ̀. Tí ẹ́ńjìnnì bá ti sáré, clutch á gbá a mú, propeller á yí. Clutch tó ti gbó náà máa ń fa propeller yí díẹ̀díẹ̀ kódà ní ìsàlẹ̀.

Àwọn tó wá wòran, ibo ni kí wọ́n dúró sí?

Iwájú pátápátá, kó jìnnà, níbi tẹ́ ẹ ti ń rí wọn. Ibi tó burú jù ni ẹ̀gbẹ́ ní ìlà kan náà pẹ̀lú propeller, torí tí abẹ́ bá ṣẹ́ tàbí tó bá gbá òkúta, ọ̀nà ibẹ̀ ló máa gbà fò. Ẹ̀yìn náà ò dáa, atẹ́gùn ẹ̀ ń gbé yanrìn àti igi wẹ́wẹ́ sójú èèyàn. Ọmọdé àti ajá, kí ẹnì kan dì wọ́n mú, kó má ṣe jẹ́ pé ẹ kàn sọ fún wọn.

Kẹ́ ẹ tó tan án, ẹ pariwo pé ẹ fẹ́ tan án, ẹ wo ẹ̀yìn, ẹ wò ó tán kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

Báwo ni mo ṣe máa po epo ẹ̀, ibo ni kí n ti bù ú?

Two-stroke kì í ní ọ́ìlì tiẹ̀ lọ́tọ̀, inú pẹtiróòlù lẹ máa po ọ́ìlì sí. Tó bá jẹ́ 50 sí 1 làwọn tó ṣe é sọ, mílílítà 20 ni fún lítà kan; tó bá jẹ́ 40 sí 1, mílílítà 25 ni. Ẹ tẹ̀lé ìwé ẹ́ńjìnnì tiyín, ẹ má tẹ̀lé ti ọ̀rẹ́ yín. Kẹ́ẹ̀gì tí kò ní ọ́ìlì nínú, ẹ kọ ọ́ sí ara ẹ̀ gàdàgbà, torí pẹtiróòlù lásán á gan ẹ́ńjìnnì yẹn láàárín ìgbà díẹ̀.

Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó bu epo sí i, ẹ má bù ú nígbà tó wà nínú ọkọ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì tàbí rọ́bà, iná mànàmáná tó ń kóra jọ níbẹ̀ lè ta pàrà. Ẹ fọwọ́ kan irin lákọ̀ọ́kọ́. Kí ẹ́ńjìnnì ti tutù, kí fóònù wà lápò, kí ẹni tó ń mu sìgá jìnnà gan-an.

Ṣé mo lè gbé e sínú ọkọ̀ pẹ̀lú epo nínú ẹ̀?

Ẹ fa epo ẹ̀ jáde tó bá ṣeé ṣe. Òórùn pẹtiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ló ń lọ, ó máa ń kóra jọ sí ilẹ̀ ọkọ̀ níbi tí imú yín ò ti tètè gbọ́ ọ. Tẹ́ ẹ bá wá páàkì sínú oòrùn, epo ń wú, táǹkì tó kún dẹ́nu á wá ibi tó máa gbà jáde. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ òórùn lójú ọ̀nà, ẹ dúró, ẹ ṣí gbogbo ilẹ̀kùn, ẹ wá ibi tó ti ń jò kẹ́ ẹ tó tún tan ọkọ̀.

Ojú kékeré kan wà lára táǹkì tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Ẹ dí i nígbà tẹ́ ẹ bá ń gbé e lọ, kẹ́ ẹ sì rántí ṣí i padà kẹ́ ẹ tó fò, torí tó bá dí, epo ò ní lè wá mọ́ tó bá yá, ẹ́ńjìnnì á kú lókè.

Kó dúró lórí ẹsẹ̀ ẹ̀, kẹ́ ẹ de fíríìmù mọ́ ọkọ̀ lójú méjì ó kéré tán. Tó bá di dandan kẹ́ ẹ dá a dùbúlẹ̀, epo gbọ́dọ̀ ti jáde tán, torí bí bẹ́ẹ̀ kọ́ epo lè ṣàn wọ kábúrétọ̀ dé inú ẹ́ńjìnnì. Ẹ yọ bátìrì tàbí kẹ́ ẹ pa síwíìṣì àgbà ẹ̀, kí ẹrù kankan má lọ tẹ bọ́tìnnì.

Ṣé mo lè so ó mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ níta?

Ẹ lè so ó, ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe é bẹ́ẹ̀, òórùn ò sì ní dà yín láàmú. Àmọ́ ẹ yọ propeller, atẹ́gùn ojú ọ̀nà máa ń yí i, ó sì máa ń yọ síta ju ara ọkọ̀ lọ. Ẹ wo ibi tí sàlẹ́ńsà ọkọ̀ ń fẹ́ sí, kó má ṣe jẹ́ orí táǹkì tàbí harness (ìjókòó àti àwọn ìdè ẹ̀). Ẹ dí ẹnu ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ kábúrétọ̀ nítorí òjò àti eruku. Lẹ́yìn bíi kìlómítà mẹ́wàá àkọ́kọ́, ẹ dúró kẹ́ ẹ tún àwọn okùn yẹn fà, wọ́n máa ń dẹ̀.

Tí mo bá yọ propeller, báwo ni mo ṣe máa dè é padà?

Ẹ kọ́kọ́ yọ fìlà pọ́lọ́ọ̀gì kúrò kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan propeller rárá. Ẹ́ńjìnnì tó ṣì gbóná lè ta téèyàn bá fi ọwọ́ yí i.

Ẹ fi àmì sí i kẹ́ ẹ lè mọ ojú tó kọ síwájú. Ẹ de bóòtù díẹ̀díẹ̀ ní ìdojúkọ ara wọn, ẹ fi súpánà tó ń wọn agbára dé ìwọ̀n tí ìwé ẹ̀ sọ. Tó bá jẹ́ propeller onígi, ẹ tún un wò léraléra, igi máa ń wú lásìkò òjò ó sì máa ń súnkì lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀, bóòtù tó le lánàá lè ti dẹ̀ lónìí.

Tí mo bá tẹ bọ́tìnnì tí kò kú ńkọ́?

Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, bọ́tìnnì yẹn máa ń so wáyà pọ̀ mọ́ irin láti pa iná pọ́lọ́ọ̀gì ni. Tí wáyà yẹn bá ti já níbì kan, ẹ lè tẹ̀ ẹ́ títí, kò ní kú. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kẹ́ ẹ dán an wò lójoojúmọ́, kẹ́ ẹ fi bọ́tìnnì pa á lẹ́yìn tó bá gbóná, kẹ́ ẹ tún tan án kẹ́ ẹ tó gbéra.

Tó bá kọ̀ nígbà tó wà lẹ́yìn yín, ẹ tú throttle sílẹ̀, ẹ dúró gírí, ẹ má jókòó, ẹ má gbìyànjú láti bọ́ ọ. Tí ọwọ́ yín bá tó choke (ohun tó ń dí afẹ́fẹ́ tó ń wọ kábúrétọ̀) láìkọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ propeller, ẹ tì í pa. Ẹ tún lè tẹ okùn epo pọ̀ tó bá wà níwájú, ó máa ń gbà á ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kó tó kú. Ẹ má fa fìlà pọ́lọ́ọ̀gì yọ nígbà tó ń ṣiṣẹ́, á gbé iná bá yín, ọwọ́ tó bá sì yọ̀ níbẹ̀, ẹ̀yìn ló ń yọ̀ sí. Ẹ dán gbogbo èyí wò nílé láì tan án, kẹ́ ẹ mọ ibi tí ọwọ́ yín dé.

Mò ń sáré láti gbéra, wing wó, kí ni mo kọ́kọ́ máa ṣe?

Ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Kẹ́ ẹ tó wẹ̀yìn, kẹ́ ẹ tó gbá wing jọ, kẹ́ ẹ tó ronú pé bóyá ẹ ṣì lè gbé e. Okùn tó bá wọ propeller á wé mọ́ ọn, á sì fa wing wá.

Bákan náà, ẹ má fi ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ rìn padà láàárín èèyàn. Mo mọ̀ pé títan án lẹ́ẹ̀kejì máa ń sú èèyàn. Ẹ pa á.

Propeller ti gé ẹnì kan, kí la máa ṣe?

Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ pe ambulance, ẹ fi aṣọ tó mọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ mọ́lẹ̀ gidi, ẹ má máa ṣí i wò. Tí ẹ̀jẹ̀ apá tàbí ẹsẹ̀ ò bá dá, ẹ lo tourniquet (ìdè tí wọ́n fi ń fún apá tàbí ẹsẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá), ẹ so ó sókè ojú ọgbẹ́ díẹ̀, kó má ṣe wà lórí oríkèé, ẹ fà á títí ẹ̀jẹ̀ á fi dá, ẹ kọ aago tẹ́ ẹ so ó sílẹ̀. Ẹ má tú u kí dókítà tó dé.

Ìka tó bá já, ẹ wá a. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tó tutù díẹ̀ wé e, ẹ fi sínú nylon, ẹ de ẹnu ẹ̀, ẹ wá gbé nylon yẹn sínú omi oníyìnyín. Kó má ṣe kan yìnyín gan-an, yìnyín ń pa ẹran ara. Tourniquet ò wúwo, ẹ fi sí ibi tí ọwọ́ òsì àti ọwọ́ ọ̀tún lè tó, torí ẹ ò mọ ọwọ́ tó máa ṣẹ́kù.

Ṣé mo lè gbé e wọ bàálù?

Wing àti harness kì í sábà ní wàhálà. Ẹ́ńjìnnì tó ti mu epo rí ló le, kódà tẹ́ ẹ bá fa gbogbo epo jáde òórùn ṣì wà nínú kábúrétọ̀ àti okùn epo, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ò sì ní gbà á gẹ́gẹ́ bí ẹrù èrò. Ẹ kọ̀wé sí wọn ṣáájú, kẹ́ ẹ gba èsì tó wà lákọsílẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ bíi kágò lábẹ́ òfin ẹrù eléwu.

Bátìrì lithium tí kò sí lára ẹ̀rọ, ọwọ́ lẹ máa fi mú un wọ inú bàálù, kò gbọ́dọ̀ wọ ìsàlẹ̀ bàálù níbi tí wọ́n ń kó ẹrù sí. Èyí tí kò ju 100 Wh (watt-hour, ìwọ̀n agbára tí bátìrì gbà) lọ ò ní wàhálà, láti 100 dé 160 ẹ máa gba àṣẹ wọn, èyí tó bá ju 160 lọ ò lè bá èrò lọ. Bátìrì sítátà kékeré sábà máa ń wọ inú òfin yìí, bátìrì tó ń gbé paramotor oníná fò ò lè wọ̀ ọ́.

Tèmi ò lo epo, bátìrì ló ń lò, ṣé òun náà léwu báyìí?

Lójú tèmi, nílẹ̀, ó nílò àkíyèsí jù. Ẹ́ńjìnnì epo máa ń pariwo kó tó ṣe nǹkankan, gbogbo èèyàn ti mọ̀ pé ó wà láàyè. Ti bátìrì dákẹ́ rọ́rọ́, propeller dúró jẹ́ẹ́, ó jọ pé wọ́n ti pa á, bẹ́ẹ̀ ìka kan tó ṣèèṣì kan throttle ni ohun tó kù. Kò ní ìsàlẹ̀ téèyàn máa gbọ́, láti orí òdo ló ti ń fò lọ sí agbára kíkún.

Ẹ máa fa bátìrì yọ ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e, fọ̀ ọ́, tàbí fọwọ́ kan propeller, kẹ́ ẹ sì gbé orí wáyà ẹ̀ síbi tí ojú gbogbo èèyàn ti lè rí i pé kò sí lára ẹ̀.